Ohun Tí Ọwọ́ Mi Kò Kàn ní Tésàn Ìdí Ọsàn

Okun o, ẹ̀yin ọmọ wa. Pásítọ̀ ìjọ wa ló ní kí àwa àgbà tí a ti fẹ̀yìn tì kọ díẹ̀ sílẹ̀ nípa iṣẹ́ tí a ṣe, fún ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́. Tíṣà ti kọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì náà ti kọ tirẹ̀. Èmi Sámúẹ́lì, ọmọ Ọlọ́runnípa, iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi funfun. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́, ẹ bá mi nà án.

Ọjọ́ kejìlá rèé tí a sin Lékè. Bí n kò bá sọ ti Lékè, n kò lè sọ ti iṣẹ́ mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni, Ọlọ́runlékè lórúkọ rẹ̀ gan-an. Mo fi oṣù mẹ́ta jù ú, nítorí náà ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ni wá, ìwọ àti èmi là ń bá ara wa sọ. Mo jowú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Kí n má purọ́ fún yín: mo ń jowú rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí tí ó wà nínú ilẹ̀.

Àwọn àgbà Kabba mọ ìnagijẹ rẹ̀. Ó-yẹ̀-lójú-irin ni wọ́n ń pè é, nítorí pé wọ́n lé e níṣẹ́ rélùwéè lórí ọkọ̀ tó yẹ̀ kúrò lójú irin. Àwọn ọmọdé tí kò tilẹ̀ rí rélùwéè rí ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé orúkọ náà wọ sàréè. Kí n tó gbé gègé sílẹ̀, ẹ ó mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí iṣu bá ti wọ ọgbà, tí a ti so wọ́n mọ́ òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi kì í fi oúnjẹ kan ẹnu láàárọ̀ àfi tó bá yí ọgbà náà ká. Kì í fi ojú lásán wò ó. Á na ọwọ́, á fi kan iṣu, á sì sọ ọ́ sókè bí ẹni tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pé, òpó kìíní, ó gbẹ. Òpó kejì, ó gbẹ. Òpó kẹta, èyí ti ń rọ̀ nídìí, ẹ mú un kúrò kó má ba èkejì jẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kò lè wò wọ́n kó dákẹ́ ni.

Ó ní, “Ojú rí i lánàá, ó rò pé òun tún ti rí i lónìí. Ọwọ́ ni kì í rántí àná.”

Mo ní ẹnu ńkọ́. Ó ní ẹnu ni ẹlẹ́rìí. Ohun tí o bá ti fi ẹnu ara rẹ pè, o kò lè sọ lọ́la pé o kò mọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ilé bàbá tirẹ̀ ni Lékè ń gbé nígbà náà, kò mọ nǹkan kan nípa ọgbà wa.

Bí a ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Ọkùnrin ará Ìyàrá kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè wá sílé fún ọdún, ó ní wọ́n ń gba ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá lè ka orúkọ ara rẹ̀. Àwọn ọdún 1950 la wà nígbà náà. Èmi àti Lékè gun lọ́rì, àpótí kan ṣoṣo la jọ gbé. Owó oṣù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní fìlà. Fìlà tèmi bò mí lójú. Ti Lékè rí bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú tí wọ́n gbé wa lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Kò tóbi bí Ìbàdàn, kò sì kéré bí Odo-Ape. Tésàn ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tó ní aago lókè. Ṣùgbọ́n ohun tó yà wá lẹ́nu ni àwọn tésàn kéékèèké tí wọ́n tò sí etí ojú irin láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin rẹ̀, tí o fi lè jókòó nínú ọ̀kan kí o gbọ́ fèrè ọkọ̀ nínú èkejì. Ọ̀kan ń jẹ́ Ilé Màlúù, ibi tí àwọn Hausa ti ń da màlúù wọ ọkọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Òkè Omi, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mu omi. Tiwa ni Ìdí Ọsàn. Yàrá kan ni, bẹ́ǹṣì kan, tẹlifóònù kan lára ògiri, àti igi ọsàn kan tí Màmá Jọkẹ́ máa ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sí lábẹ́. Màmá Jọkẹ́ a máa fi ẹyọ kan lé ti Lékè. Kì í fi lé tèmi. Ó ní ẹ̀rín Lékè ló ń san owó rẹ̀. Èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá eyín ń dùn mí ni.

Ọ̀gá Jeremáyà ni tésàn másítà wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í jókòó. Kò na ènìyàn rí, kò bú ènìyàn rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní: “Padà.”

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń dá wa padà sí: ní Ìdí Ọsàn, ojú irin pín sí méjì. Ọ̀kan wà fún ọkọ̀ tó ń kọjá lọ tààrà, èkejì fún ọkọ̀ tó fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíràn lè kọjá. Irin gígùn kan dúró létí ọ̀nà tí a máa ń fà. Bí a bá fà á, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó wà nílẹ̀ á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á lọ lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́. Bí àyè tó lè gba ìka bá ṣẹ́ kù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gun orí rẹ̀, á sì yẹ̀. Ibi tí irin yìí wà jìnnà díẹ̀ sí yàrá Ọ̀gá. Bí a bá fà á tán, a ó rìn padà wá jíṣẹ́. Ọ̀gá á bi wá bóyá a wò ó. A ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Á ní kí ni a rí. Bí o bá kọ́kọ́ ronú kí o tó dáhùn, ó parí. Padà. Bí o bá yára dáhùn jù, ó tún parí. Padà. Ọjọ́ kan wà nínú òjò tí mo padà lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Ọjọ́ yẹn náà ni, bí a ti jókòó tí a ń jẹ ẹ̀kọ, tí omi ń kán lára mi, mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní Ọ̀gá yìí ì bá bá bàbá mi mu gan-an ni. Mo sọ ti ọgbà iṣu fún Lékè. Mo tilẹ̀ dìde, mo fi ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ṣe òpó iṣu, mo ń sín bàbá mi jẹ. Lékè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ síbi irin, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ojú ibi tó lẹ̀ mọ́ra, ó sì pè é sókè tí a fi gbọ́ ọ ní ìdí ọsàn pé irin, ó lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́, ó wọlé. Fìtílà, epo wà. Ọ̀gá Jeremáyà jáde síta. Ó dúró pẹ́. Lékè padà dé, Ọ̀gá kò sọ pé padà.

Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?”

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà. Mo ń dúró kí Lékè dárúkọ bàbá mi.

Lékè ní, “Ilé ni, sà.”

Ilé. Ilé ta? Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ni mo jẹ, tí n kò gbé mì títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Láti ọjọ́ náà, Ṣe-bíi-ti-Lékè di orin ní Ìdí Ọsàn. Bí mo bá fẹ́ fa irin, Ọ̀gá á ní kí n fọwọ́ kàn án, kí n pè é, kí n ṣe bíi ti Lékè. Wọ́n ń kọ́ mi ní ohun tí mo mu lọ́mú. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, n kò sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ó ní ìlara ni, òótọ́ ni wọn ó sì sọ. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra. Bẹ́ẹ̀ ni fún ẹyẹ. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ méjì kò lè jọ dúró sójú kan náà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ fetí sí ibí yìí. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni n kò ní. Mo mọ iṣẹ́ náà ju Lékè lọ, ọwọ́ mi yá ju tirẹ̀ lọ, mo lè fi etí gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí tẹlifóònù tó dún. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń wo oúnjẹ inú àwo ẹlòmíràn, á ti ọwọ́ bọ eérú.

Ọdún kẹta wa níbẹ̀ ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀sán gangan, irin gbóná débi pé ó ń jó àtẹ́lẹwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Jeremáyà ti kó wa jọ. Ó ní ọ̀gá àgbà kan láti tésàn ńlá ti gbọ́ bí Lékè ṣe ń pe irin, ó ní kí gbogbo tésàn kéékèèké tó wà nílùú náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lékè ni yóò máa lọ sí Ilé Màlúù àti Òkè Omi láti kọ́ wọn, òun ni yóò sì ṣe olórí wa. Lámídì, gáàdì ọkọ̀ ẹrù, tó wà níbẹ̀, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Sámù, ẹ̀yin ará Kabba ti jọba lórí wa. Ìwọ ni yóò máa gbé agboòrùn ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lékè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn tilẹ̀ tún bí mi nínú jù.

Lọ́sàn-án, Ọ̀gá lọ sí tésàn ńlá. Lékè wà nídìí tẹlifóònù. Èmi wà nídìí irin. Wọ́n pè láti Òkè Omi pé ọkọ̀ tó kó ẹ̀pà ń bọ̀, kí a jẹ́ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fa irin náà. Mo wò ó láti ibi tí mo dúró, ojú mi ní ó lẹ̀. Ó kù kí n lọ bẹ̀rẹ̀, kí n fi ìka kàn án, kí n pè é. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tí mo pè é, orin Lékè ni mo ń kọ, agboòrùn rẹ̀ ni mo gbé.

Lékè yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Ó ní, “Sámù, ṣé ọwọ́ kàn án?”

Mo gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè, àmì pé ọ̀nà dára.

Ó wọlé lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ketekete, tí ó ń sọ pé irin, ó lẹ̀.

Màlúù ti kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti ta òkúta kan tí kò tóbi ju èkùrọ́ lọ sáàárín irin méjèèjì. Ohun tí ojú mi rí ni irin ti àná.

Ẹ́ńjìnnì kọjá. Ọkọ̀ kìíní kọjá, èkejì kọjá. Ẹ̀kẹta gbéra sókè díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀. Mẹ́ta ló tẹ̀ lé e. Ariwo náà kò ṣeé kọ. Ẹ̀pà ń dà jáde bí òjò, ó ń dà sórí ìdí ọsàn, Màmá Jọkẹ́ ń sáré, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, a rí Lámídì, tó jẹ́ gáàdì ọkọ̀ náà, lẹ́bàá ojú irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́ sí méjì. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò rìn tọ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lékè ló gbé e sẹ́yìn. Èmi dúró, àsíá ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀gá mẹ́ta jókòó nídìí tábìlì láti wádìí ọ̀rọ̀. Gbogbo wa dúró sí ara ògiri. Wọ́n ní ta ló sọ lórí tẹlifóònù pé irin lẹ̀. Lékè ní òun ni. Wọ́n ní ṣé ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Ó ní rárá. Wọ́n ní kí ló dé tó fi sọ ọ́ nígbà náà, ṣé kì í ṣe òun ló ń kọ́ àwọn yòókù ni. Lékè tẹjú mọ́ tábìlì. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Bí ó bá wò mí ni, bóyá ẹnu mi ì bá ṣí. Ẹ wo ohun tí ìlara ń fi ènìyàn ṣe: bí ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ níwájú wa, mo ń jowú pé ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Wọ́n lé e. Nígbà tí a jáde, Ọ̀gá Jeremáyà wá dúró níwájú mi. Ó wo àsíá tó wà ní àpò mi, ó wo ojú mi.

Ó ní, “Padà.”

Mo mọ ibi tó ní kí n padà sí. Àwọn mẹ́ta náà ṣì wà nídìí tábìlì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. N kò padà. Ọ̀gá kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Bí mo bá jíṣẹ́ fún un, á kàn mi orí. Ó ti gbà pé n kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè dá padà.

Mo tẹ̀ lé Lékè dé gáréèjì. Ó gbé àpótí wa dání, mo ti kó tèmi kúrò nínú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́.

Ó ní, “Mo sọ ohun tí ọwọ́ mi ò kàn. Bàbá rẹ ò ní gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Lọ́rì ń pariwo, ó gbé àpótí sókè. Ó tún yíjú padà. “Àti pé ìwọ nìkan ni ìyá rẹ bí, ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́fà ni lọ́dọ̀ ìyá tèmi. Máa ṣiṣẹ́.”

Mo ṣiṣẹ́. Mo dé tésàn tó lé ní mẹ́wàá, mo sì rántí orúkọ gbogbo ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Lékè ti lọ tán, èmi ni mo kù tí mo mọ bí a ṣe ń pe irin, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Ní ibi kan wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀nà Sámù. Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an ló dé ọwọ́ mi yẹn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú, tó ń mu omi bí ẹṣin, lọ; èyí tó ń lo epo dísù dé, kò mu omi mọ́, Òkè Omi sì di ilé àwọn ẹyẹ. Fìtílà olóyìnbó tí a ń nu gíláàsì rẹ̀ láràárọ̀ lọ, iná mànàmáná dé. Ní àwọn tésàn ńlá, wọn kò fa irin mọ́, bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀ nínú ilé, iná pupa á di aláwọ̀ ewé. Mo sọ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pé iná náà ojú ni, kì í ṣe ọwọ́, kí wọ́n ṣì máa jáde lọ kàn án. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ dín kù, ó tún dín kù, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín irin. Wọ́n fún mi ní aago ògiri nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ó ti kú.

Lọ́dọọdún ni mo máa ń wálé fún Kérésì, tèmi ti fìlà rélùwéè, tèmi ti búrẹ́dì àti sadíìnì. Ìlú á kí mi dáadáa. Lékè ti di àgbẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló gba ọgbà iṣu náà, nítorí èmi kò sí nílé. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ ní Ó-yẹ̀-lójú-irin. Ó ń jẹ́ ẹ, ó tún máa ń dá wọn lóhùn pé ọkọ̀ ló ń yẹ̀, oko kì í yẹ̀. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Kérésì kan, níwájú èrò, mo na ọwọ́ sí i, mo ní, “Ó-yẹ̀-lójú-irin, ṣé àlàáfíà ni?” Ó ní, “Àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n. Irin ńkọ́?”

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó máa ń ní kí n wá wo ọgbà iṣu. Láti ìgbà tó ti di tirẹ̀, n kò wọ ibẹ̀ rí. Orí àga níta ni mo ń jókòó sí, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀ bó ti ń pe òpó kan tẹ̀ lé òpó kan, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń gbe ohùn rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tèmi wà ní Kaduna àti Èkó, fóònù ni wọ́n fi ń kí mi. Èmi ni mo gba iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ilé bàbá mi ti kún. Ẹ kò lè mọ bí mo ṣe jowú ọgbà yẹn tó.

Nígbà tí a sin ín, ẹnì kan dìde nínú ìjọ, ó sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀, ó sì pa á pọ̀ pé Bàbá Ó-yẹ̀-lójú-irin kò yẹ̀ lójú ọ̀nà ọ̀run. Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́.

Ọmọ ọmọ Lékè kan wà tó ń jẹ́ Ìbùkún. Ìlú kan ní Jàpáàn ni ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ ìlú náà kò yí lẹ́nu mi. Kò bá ìsìnkú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ló dé. Ó wá kí mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ní òun fẹ́ fi nǹkan hàn mí nínú fóònù. Mo wò ó, ọkàn mi sáré padà sí Ìdí Ọsàn. Ìlú náà kò tóbi jù, kò sì kéré. Tésàn ńlá wà láàárín rẹ̀, àwọn kéékèèké sì tò sí etí irin, ọ̀kan nídìí òkè, ọ̀kan lẹ́bàá ilé ìwé, ọ̀kan tí kò ju bẹ́ǹṣì àti igi kan lọ. Níbi bẹ́ǹṣì yẹn, ọkùnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó na ìka sí irin, ó sọ̀rọ̀ sókè. Ó na ìka sí iná, ó sọ̀rọ̀ sókè. Ọkọ̀ sì dé.

Omi ń bọ́ lójú mi, n kò mọ̀. Ìlara ló kọ́kọ́ dé, kí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo ní àní ní òpin ayé, Lékè ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi.

Ìbùkún ní, “Bàbá Sámù, mo sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé a ní èyí nílé. Mo ní ọ̀nà Ọlọ́runnípa là ń pè é.”

Mo ní, “Kí lo pè é?”

“Ọ̀nà Ọlọ́runnípa, sà. Orúkọ bàbá yín. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà ń pè é. Wọ́n ní bàbá yín ló ni ín, ẹ̀yin lẹ fi han àwọn. Kò sí ọmọ tó wọ ọgbà iṣu yẹn tí kò gbọ́ ọ.”

Ọgbà tí n kò wọ̀ láti ìgbà tó ti di ti Lékè.

Ó ń yí fóònù náà lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, ohun kan ni kò yé mi. Bàbá àgbà kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Báwo ni ọkọ̀ ṣe wá yẹ̀ lọ́wọ́ wọn? Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ bi Sámù.”

Mo ní oòrùn mú, kó lọ mu omi. Ó lọ. Èmi náà wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ju ogún ọdún lọ. Láàárọ̀ àná, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ sí ọgbà Lékè. Ìbùkún ń gbálẹ̀, ó rí mi, ó tẹ̀ lé mi wọlé. Mo fọwọ́ kan òpó kìíní, mo pè é pé ó gbẹ. Mo fọwọ́ kan èkejì. Ohùn bàbá mi ló ń jáde lẹ́nu mi, kì í ṣe ti Lékè rárá, mo sì ti fi gbogbo ayé mi sá fún un. Iṣu kò sí lára òpó ìkẹyìn. Ó ti dán níbi kan, ibi tí Lékè máa ń fara tì tó bá rẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ibẹ̀.

Mo ní, “Irin, kò lẹ̀. Èmi ni mo gbé àsíá. Lékè kọ́, èmi ni.”

Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Ìbùkún. Mo rò pé yóò jáde lọ, mo ti ń múra sílẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, ó fa àpótí kan sún mọ́ mi kí n lè jókòó.

Ó ní, “Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀.”

Mo jókòó, mo sì padà. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí yìí fún yín. Mo ṣì ń jowú Lékè, ó ti sinmi, èmi kò tíì sinmi. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, ẹ bá mi gbà á kúrò lórí sàréè rẹ̀. Bí ẹ bá rí mi lọ́nà ọjà, tí ẹ fẹ́ kí mi, ẹ mọ orúkọ tí ẹ ó fi kí mi. N ó dá yín lóhùn.